Ọkọ̀ Ìjàpá Àtijọ́: Ṣé Kí A Tún Un Kùn?

Ní 2003 ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn nínú Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, ní Mẹ́síkò. Bí bàbá yín bá fi ọ̀kan sílẹ̀, ẹ má tíì sáré ra ọ̀dà.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ṣá ni, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí apá bàbá ti ha lára ilẹ̀kùn, akùnlé wo ló lè dá a padà?

Ṣùgbọ́n ìpẹtà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o! Ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì wà, omi rẹ̀ a sì máa jẹ irin. Ẹ fi ìṣó gún ibẹ̀. Bó bá wọlé, wẹ́dà ni kí ẹ wá. Ibi tí ó bá jó nìkan ni kí ẹ kùn.