Ìpẹta, Igi Ọ̀dàn

Orí àtẹ lékulẹ́ja ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ ìpẹta: egbò gbígbẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tó sùn ti èèrù àti èèpo igi mìíràn. Èèyàn lè máa ra egbò yìí títí yóò fi hewú kó má fojú kan igi rẹ̀. Igi ọ̀dàn ni, kì í hù nínú igbó kìjikìji. Láti Senegal títí dé gúúsù Áfíríkà ló wà, níbi tí koríko ti pọ̀ ju igi lọ, tí iná sì ń jó pápá lọ́dọọdún.

Ẹni tí kò rí i rí pàdánù, nítorí igi náà wuni. Kì í ga púpọ̀. Èyí tó bá ga kọjá mítà 10 ti di àgbà láàárín wọn. Èèpo ara rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ó sì dán. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń kásẹ̀ ńlẹ̀, tí ewé ò tíì kún, òdòdó aláwọ̀ àlùkò á bò ó, òórùn dídùn á gba ibẹ̀ kan, oyin á sì péjọ sí i. Èso rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: kóró kan ṣoṣo tó ní ìyẹ́ kan ṣoṣo, bí ìyẹ́ tata. Afẹ́fẹ́ á gbé e, á máa pòyì, á sì lọ balẹ̀ jìnnà sí ìyá rẹ̀.

Ewé rẹ̀ ṣeé jẹ. Láwọn ibì kan ní Áfíríkà, wọ́n ń já ewé tútù, wọ́n ń sè é bí ẹ̀fọ́. Ilẹ̀ tiwa tó ní ṣọkọ̀yọ̀kọ̀tọ̀, gbúre àti ewúro, kí ni ìyàwó ilé ń wá dé ìdí ìpẹta?

Abẹ́ ilẹ̀ ni ewu wà. Bí o bá wa egbò rẹ̀ ní tútù, tí o fi èékánná họ èèpo, òórùn ìpara tí a fi ń ra ẹsẹ̀ ríro ni yóò ta sí ọ nímú. Ìdí ni pé èròjà kan náà, methyl salicylate, wà nínú egbò náà àti nínú ọ̀pọ̀ ìpara bẹ́ẹ̀. Saponin tún wà nínú rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó hó bí wọ́n bá pò ó mọ́ omi. Wọ́n ti fi egbò yìí ṣe oró ọfà, ó sì ti rán ẹni tó mu ún láṣejù lọ sọ́run.

Síbẹ̀, òun náà ni oògùn. Uwar magunguna, ìyá oògùn, ni àwọn Hausa ń pè é. Orí fífọ́, oríkèé ríro, ikọ́, aràn inú, ejò: kò sí èyí tí wọn kì í lò ó fún. Ti oríkèé kò yà mí lẹ́nu, nítorí mọ̀lẹ́bí aspirin ni salicylate. Ti ejò ni mo ní tèmi sọ sí. Ẹni tó fi egbò sígun ilé kí ejò má baà wọlé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti ṣán, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n sáré gbé e lọ, kí wọ́n má dúró gún egbò. Oró egbò kan lè le ju ti ìkejì lọ, ṣíbí tí a fi ń wọn ọ́n kò sì mọ èyí.

Inú àká ni oró náà ti wúlò láìsí àríyànjiyàn. Ní àríwá Gánà, àwọn àgbẹ̀ ń lọ èèpo egbò náà pò mọ́ ọkà àti ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Ní 2005, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ìwádìí jáde nípa bí methyl salicylate inú rẹ̀ ṣe ń lé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, tó sì ń pa wọ́n. Igi náà ní okùn pẹ̀lú: lẹ́bàá odò Zambezi, níbi tí wọ́n ti ń pe okùn ọ̀hún ní buaze, David Livingstone, òyìnbó arìnrìn-àjò nì, bá a lọ́wọ́ àwọn apẹja nínú àwọ̀n wọn.

Ohun tó ń bí mi nínú ni bí a ṣe ń wa egbò náà. Ẹni tó já ewé kò pa igi. Ẹni tó hú olórí egbò ti pa á, ìpẹta kì í sì í yára dàgbà. Ní orílẹ̀-èdè South Africa, ó wà lára àwọn igi tí òfin ń dáàbò bò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e láìgba ìwé àṣẹ. Ní pápá tiwa, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ọkọ́ débẹ̀ ló ni ín.