Kí ló dé tí FM kì í rìn jìnnà?

Àwọn aṣòfin orílẹ̀-èdè Switzerland ti dìbò pé kí rẹ́díò FM má tíì kú. Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: SRG, ilé iṣẹ́ rẹ́díò gbogbogbòò wọn, pa gbogbo ẹ̀rọ FM rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ó ní kí kálukú lọ ra rẹ́díò dígítà tàbí kó máa gbọ́ òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ni kò tẹ̀ lé e. Norway ló kọ́kọ́ dán irú ẹ̀ wò ní 2017, òun náà sì fi FM sílẹ̀ fún àwọn rẹ́díò kéékèèké ìgbèríko.

Gbogbo wa là ń pe FM, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe gan-an kò yé ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn kan gbà pé rẹ́díò aládàáni ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ní rẹ́díò olórin ni. Ní ìhà Akínyẹlé ní Ìbàdàn, láti Òjóò dé Mọ́níyà títí kan Ìròkò, wọ́n á ní bí FM kan kò bá dún ketekete lóko, owó ni kò tó lọ́wọ́ onílé iṣẹ́ láti ra ẹ̀rọ tó lágbára. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ owó kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Bí ìgbì FM ṣe ń rìn ni, ìrìn yẹn náà ló sì sọ ìtàn rẹ́díò aládàáni ní Ìbàdàn di bó ṣe dà.

Ẹ wo onígángan. Ọ̀nà méjì ló lè gbà yí ohùn ìlù rẹ̀ padà. Ó lè fi kọ̀ǹgọ́ lù ú kíkankíkan tàbí kó lù ú jẹ́jẹ́, ìlù á ké tàbí kó rọlẹ̀. Ó sì lè fún osán mọ́ra tàbí kó dẹ̀ ẹ́, ohùn á lọ sókè tàbí kó wá sílẹ̀, ibẹ̀ la sì ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Rẹ́díò AM, irú èyí tí Radio O.Y.O. fi ń dé ọ̀dọ̀ wa lórí 756, ọ̀nà àkọ́kọ́ ló ń tọ̀: agbára ìgbì ń pọ̀, ó ń dín, bí ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ṣe ń lọ. Ọ̀nà osán ni FM ń tọ̀. Agbára ìgbì rẹ̀ kì í yẹ̀. Bó ṣe ń yára gbọ̀n tó ló ń yí padà. Bí mànàmáná bá kọ, tàbí tí ẹ̀rọ ọlọ aláta bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí, wọ́n á da agbára tiwọn kún ìgbì tó ń kọjá. AM á gbà á pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, ariwo á sì gba etí kan. FM kò ka agbára sí, bí osán ṣe ń fún tó nìkan ló ń tẹ́tí sí. Ìdí nìyí tí ohùn rẹ̀ fi ń mọ́ gaara bí òjò tilẹ̀ ń bọ̀.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń kígbe lórí afẹ́fẹ́ kì í ṣe orúkọ lásán. Ti 105.5, ìgbì yẹn ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 105 àti ààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí atọ́kùn ètò bá ti la ẹnu, ìgbì á máa yẹ̀ sókè sódò nídìí iye yẹn, kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ ju kilohertz 75 lọ lápá kọ̀ọ̀kan, kó má baà wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Splash FM wà lórí 105.5, Fresh FM wà lórí 105.9, Ìbàdàn kan náà ni wọ́n jọ ń bá sọ̀rọ̀. Àlàfo kilohertz 400 tó wà láàárín wọn ni kì í jẹ́ kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu.

Ìgbì tó ń yára gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ kì í gùn. Ti 105.5 kò ju mítà 2.84 lọ láti orí kan sí èkejì, ti 756 AM sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 400. Ìgbì gígùn bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ara ilẹ̀, ó ń bá òkè àti àfonífojì yí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, apá afẹ́fẹ́ tó ga fíofío lókè á tún dá a padà sílẹ̀ síbi tó jìnnà réré, òun ni àwọn àgbà ṣe ń gbọ́ ohùn Kútọnu àti Accra lóru. FM kò mọ̀ ju ọ̀nà tààrà lọ. Nígbà tó sì jẹ́ pé ayé rí roboto, ibì kan wà níwájú tí ilẹ̀ á ti tẹ̀ sísàlẹ̀, tí ìgbì á gba orí wa kọjá lọ.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Òpó tó ga ní mítà 100 lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ohùn rẹ̀ á dé nǹkan bíi kìlómítà 41 kí ilẹ̀ tó bò ó. Bí ẹ bá sọ òpó náà di mítà 200, kò ní di 82 o, 58 péré ni. Irin di ìlọ́po méjì, owó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, èrè rẹ̀ ò ju kìlómítà 17. Láti Fẹ́lẹ́lẹ́, níbi tí Splash FM wà, dé Mọ́níyà tó nǹkan bíi kìlómítà 20. Ó yẹ kó dún wẹ́kú. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kì í ṣe ilẹ̀ títẹ́jú, Òkè Màpó àti Òkè Ààrẹ wà láàárín méjì, ẹni tó bá sì wà nínú kòtò lẹ́yìn òkè, òjìji òkè ló wà.

Mo rí bàbá àgbẹ̀ kan lọ́nà Ìkèrèkú tó so rẹ́díò rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi obì. Rọ́bà ló fi de ẹnu ilé bátìrì, wáyà iná tó ti gé ló sì fi rọ́pò irin ẹ̀yìn rẹ̀ tó kán. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá, mo bi í ìdí tí kò fi gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ara rẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Ó já a sílẹ̀, ó gbé e ka orí ebè, ohùn asọ̀rọ̀mágbèsì náà sì di "sáàà". Ó tún gbé e kọ́ padà, ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mítà méjì péré ló fi ga sí i. Ìyẹn ti tó láti gbé e kúrò lábẹ́ òjìji òkè.

Wáyà bíi ti Bàbá yẹn náà ni fóònù yín ń wá nígbà tó bá ní kí ẹ ki ìyápíìsì bọ òun kí òun tó lè gbé FM. Kì í ṣe nítorí etí yín. Wáyà ìyápíìsì ni fóònù fi ń mú ìgbì lójú ọ̀run. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì 105.5 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 71, wáyà ìyápíìsì sì gùn tó bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ohun tó wù mí jù nínú FM ni bó ṣe ń ṣe nígbà tí ilé iṣẹ́ méjì bá pàdé lórí nọ́ńbà kan náà. AM á gbé méjèèjì fún yín, ọ̀kan ń ka ìròyìn, èkejì ń kọrin lábẹ́ rẹ̀. FM kì í gbé méjì. Èyí tó bá fi díẹ̀ lágbára ju èkejì ló máa mú, á sì pa èkejì lẹ́nu mọ́ pátápátá. Awakọ̀ tó bá jáde ní Òjóò tó dorí kọ Ọ̀yọ́ lọ sí Ìlọrin lè bá a pàdé: bó bá ti dé ibi tí ohùn ilé iṣẹ́ kan ń tán lọ, tí ti ẹlòmíràn sì ń bẹ̀rẹ̀, rẹ́díò ọkọ̀ á kàn dédé yí sí ti ẹlòmíràn, ọkọ̀ á gun òkè, á tún yí padà. Ọpẹ́lọpẹ́ èyí àti òjìji ilẹ̀ ni ìjọba ṣe lè fún ìlú méjì tó jìnnà síra ní nọ́ńbà kan náà.

Edwin Howard Armstrong, ará Amẹ́ríkà, ló fi hàn pé ọ̀nà FM yìí lè ṣiṣẹ́. Oṣù Kejìlá ọdún 1933 ni wọ́n fún un ní ìwé pé òun ló ni iṣẹ́ náà, orí Empire State Building ní New York sì wà lára ibi tó ti dán an wò. Ilé iṣẹ́ ńlá RCA, tí owó rẹ̀ wà lórí AM, tó sì ń fojú sọ́nà fún tẹlifíṣọ̀n, kò dùn sí i. Ní 1945, ìjọba Amẹ́ríkà ṣí FM kúrò níbi tó wà láàárín 42 sí 50, ó gbé e lọ sí ìhà 88 sí 108, gbogbo rẹ́díò FM tí àwọn ènìyàn ti rà sì di òkú irin. Ẹjọ́ tí Armstrong ń bá RCA ṣe jẹ owó rẹ̀ tán, ó sì gba ojú fèrèsé bẹ́ sílẹ̀ kú ní 1954. Marion aya rẹ̀ kò jáwọ́. Ó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ tó lo iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ṣẹjọ́ títí di 1967, ó sì borí. Jámánì ló wá fi FM ṣe ohun ńlá, nítorí pé ìpàdé tí wọ́n ti pín ìkànnì ní Copenhagen ní 1948 gba ọ̀pọ̀ nínú ìkànnì AM wọn lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ibi tí ìyà ti jẹ wọ́n ni wọ́n ti rí ọ̀nà mìíràn.

Nílẹ̀ tiwa, wáyà la fi bẹ̀rẹ̀. Rediffusion dé Èkó ní 1935, ó dé Ìbàdàn ní 1939: àpótí kan lára ògiri, ibi tí wáyà bá dé ni ohùn dé. Ní 1953, wọn kò fún Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láyè láti fèsì sí gómìnà lórí rẹ́díò ìjọba, ìbínú yẹn wà lára ohun tó bí tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, rẹ́díò WNBS sì tẹ̀ lé e. Ìjọba nìkan ló ń sọ̀rọ̀ títí di 1992, nígbà tí Òfin 38 ti Babangida dá NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rẹ́díò àti tẹlifíṣọ̀n, sílẹ̀, tó sì ṣílẹ̀kùn fún aládàáni. Ray Power ti Raymond Dokpesi wọlé ní Èkó ní 1994.

Ní 2007 ni Splash FM ti Olóyè Adébáyọ̀ Àkàndé bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Fresh FM ti Yínká Ayéfẹ́lẹ́, olórin, dé. Ọ̀gá Splash tún dá Lagelu FM 96.7 sílẹ̀, tó ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀. Ní Akínyẹlé gan-an, ti ìjọba àpapọ̀ la rí: Amúlùdùn 99.1, tó fìdí kalẹ̀ sí Mọ́níyà. Iṣẹ́ yìí sì ní ewu tirẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 2018, katakata ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wó apá kan Music House tí Fresh FM wà. Ìjọba ní ilé náà tàpá sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé, Ayéfẹ́lẹ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba kan náà tún un kọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 2022, NBC kéde pé òun gba ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ 52 káàkiri Nàìjíríà nítorí gbèsè bílíọ̀nù 2.66 náírà, kí ilé ẹjọ́ tó dá a dúró.

Gbèsè yẹn kò yà mí lẹ́nu. Ká ní ẹ̀rọ kan ń fọ́n kilowatt 5, tó sì ń jẹ kilowatt 8 láti fi ṣe é. Bó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 18 lójúmọ́, pẹ̀lú 225 náírà fún kilowatt kan ní wákàtí kan tí wọ́n kéde fún Band A, àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná rẹ̀ á jẹ́ 32,400 náírà lójoojúmọ́. Owó àwọn òṣìṣẹ́ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó dísù nígbà tí iná bá lọ. Ohùn náà kò sì kúrò ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Ẹni tó ń ta ọjà kárí Nàìjíríà kò lè fi ibi kan ṣoṣo polówó, nítorí náà ọ̀dọ̀ oníṣòwò àdúgbò ni owó ti ń wá: àwọn aláṣọ, àwọn tó ń ta ilẹ̀, àwọn alágbo, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí, àti àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ra àkókò lórí afẹ́fẹ́, tí wọ́n á sì wá onígbọ̀wọ́ fúnra wọn. Oníṣòwò wọ̀nyí ń fẹ́ kí oníbàárà wọn gbọ́ wọn, ẹnu Yorùbá la sì fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ní Bódìjà. Mo gbà pé FM tí kò lè rìn jìnnà wà lára ohun tó dá èdè wa padà sórí afẹ́fẹ́ ọ̀sán gangan.

Ṣùgbọ́n owó kan náà ló ń pinnu ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ Ìjàyè tàbí Alábàtà kì í gbé ìpolówó wá. IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn, ti wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní ìhà Akínyẹlé láti 1967, ìmọ̀ nípa ẹ̀gẹ́, iṣu àti àgbàdo kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, àmọ́ tí mo bá yí rẹ́díò ní ìdájí, ìṣèlú àti agbo ni mo ń gbọ́ jù. Lójú tèmi, ó yẹ kí NBC máa bi àwọn tó ń gba ìwé àṣẹ pé wákàtí mélòó ni wọ́n fẹ́ yà sọ́tọ̀ fún oko.

Ní ti àwọn tó ní ká gbàgbé FM, ká kó sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ohùn kilobit 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 29 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ń gbọ́ wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ á jẹ dátà bíi gígábáìtì 3.5 lóṣù, òun ni yóò sì sanwó rẹ̀. Lórí FM, ènìyàn mẹ́wàá ló ń gbọ́ o, ọ̀kẹ́ márùn-ún ló ń gbọ́ o, iná tí ẹ̀rọ ń jẹ kò yàtọ̀, olùgbọ́ kò sì san kọ́bọ̀ ju ti bátìrì lọ.

Ẹ̀rọ FM tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ fún oko kò sì nílò kó lágbára tó ti ìgboro. Ẹ̀rọ kékeré 100 watt lórí òpó mítà 30, bí wọ́n bá rí òkè gbé e kà, ilẹ̀ kò ní bo ohùn rẹ̀ títí dé ogún kìlómítà ó lé. Agbára rẹ̀ lè má gbé e dé òpin ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kó bo Mọ́níyà, Akínyẹlé àti ọ̀pọ̀ abúlé tó yí wọn ká. Bí àwọn àgbẹ̀ ìhà ibẹ̀ bá para pọ̀ béèrè ìwé àṣẹ rẹ́díò tiwọn lọ́wọ́ NBC, irú ẹ̀rọ yẹn ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n kọ sínú ìwé.