Bí Ẹ̀rọ Afárin Kékeré Ṣe Lè Dípò Ẹ̀rọ Ìluhò

Oníṣẹ́ irin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ kì í sábà ní owó tí ó tó láti ra gbogbo ẹ̀rọ tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àyè tí yóò gbé wọn sí kì í sì í tó. Nítorí náà ni ìbéèrè yìí ṣe máa ń wáyé: bí ènìyàn bá ra ẹ̀rọ afárin kékeré, irú èyí tí a ń gbé ka orí tábìlì, tí àwọn oníṣẹ́ mọ̀ sí milling machine, ǹjẹ́ ó tún yẹ kí ó náwó sí ẹ̀rọ ìluhò, tí í ṣe drill press? Fún púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ó gba ìwọ̀n pípé, kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n kí ó tó sanwó, kí ó kọ́kọ́ wo òpó ẹ̀rọ náà dáadáa.

Ẹ̀rọ méjèèjì jọra lójú. Òpó wà lára wọn, orí tí mọ́tò ń yí wà lókè, tábìlì sì wà nísàlẹ̀. Agbára tí ó ń ti bíìtì lọ sí ìsàlẹ̀ nìkan ni a ṣe ẹ̀rọ ìluhò fún. Oníṣẹ́ yóò fi pọ́ǹṣì sàmì sí irin, yóò sì fi ọwọ́ sún un títí àmì náà yóò fi bọ́ sí abẹ́ bíìtì. Bí ojú tàbí ọwọ́ bá tàsé díẹ̀, ihò náà tàsé nìyẹn. Ẹ̀rọ afárin ní tirẹ̀ lè gba agbára tí ó ti ẹ̀gbẹ́ wá. Súkúrù ni ó ń gbé tábìlì rẹ̀ lọ sí ọ̀tún àti òsì, síwájú àti sẹ́yìn, ìlà ìwọ̀n sì wà ní etí kẹ̀kẹ́ tí a fi ọwọ́ ń yí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó fẹ́ lu ihò 6 yíká ojú irin roboto kan, tí ihò kọ̀ọ̀kan yóò jìnnà sí àárín gbùngbùn ní mìlímítà 30. Yóò lu èkíní ní mìlímítà 30 sí ọ̀tún. Láti àárín kan náà, èkejì wà ní 15 sí ọ̀tún àti 25.98 síwájú. Bí ìyípo kan kẹ̀kẹ́ ọwọ́ bá jẹ́ mìlímítà 2, tí a sì pín etí rẹ̀ sí ọ̀nà 100, ìlà kan jẹ́ 0.02. Láti rin 15, yóò yí i ní ìgbà 7 àti ìlà 50. Láti rin 25.98, ìgbà 12 àti ìlà 99. Ihò yòókù kò ní ìṣirò mìíràn ju èyí lọ. Kìkì pé àyè díẹ̀ máa ń wà láàárín súkúrù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀, nítorí náà apá kan náà ni kí ó ti máa wá sí ojú ìlà nígbà gbogbo. Bí ó bá kọjá ìlà, kí ó padà sẹ́yìn dáadáa, kí ó sì tún wá.

Bíìtì tí ń luhò gan-an ni ó bí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ afárin tí ó lókìkí jù. Fáìlì ni àwọn oníṣẹ́ fi ń gbẹ́ ojú lílọ́ ara bíìtì ní Providence, ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà, kí Joseph R. Brown tó ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa gbẹ́ ẹ. Ní ọdún 1862 ni wọ́n ta àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òpó ni ó kù. Bíìtì kúkúrú tí kì í tẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ihò, kí a tó fi èyí tí ó gùn lù ú já. Bí àyè kò bá tó fún èyí tí ó gùn, a ní láti gbé orí ẹ̀rọ sókè. Bí òpó bá rí roboto bí páìpù, orí náà yóò yí díẹ̀ bí a ti ń gbé e, gbogbo ìwọ̀n tí a ti fi sùúrù kó jọ yóò sì dàrú. Òpó onígun mẹ́rin tí ó ní ojú irin fún orí láti máa yọ̀ lé lórí kò ní ìyọnu yìí. Ẹni tí ó bá ti ra olópòó roboto kò pàdánù pátápátá: kí ó wọn bíìtì méjèèjì ṣáájú, kí ó sì yan gíga kan tí yóò gba àwọn méjèèjì.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí ẹ̀rọ ìluhò ṣì ta ẹ̀rọ afárin yọ. Ẹni tí ń lu ọgọ́rùn-ún ihò sí irin géètì kò nílò ìlà ìwọ̀n kankan, yóò sì tètè ṣe tán lórí ẹ̀rọ ìluhò. Ara àwọn ẹ̀rọ afárin kékeré mìíràn sì wúwo lọ́wọ́, nítorí gbogbo orí wọn ni ó ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú bíìtì. Ọwọ́ kì í mọ̀ ọ́n lára nígbà tí bíìtì mìlímítà 1 bá fẹ́ há, ó sì máa ń dá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí ọ̀rọ̀ náà padà, kí ó wá fi ẹ̀rọ ìluhò fá irin. Lórí púpọ̀ nínú wọn, ìdí chuck tí ó ṣe ṣóńṣó, tí a tì wọ inú ihò ọ̀pá ayípo, ni ó dì í mú. Bí agbára bá ti ẹ̀gbẹ́ bá a, ó lè tú, kí ó sì já bọ́ níbi tí ó ti ń yí, lẹ́bàá ọwọ́ oníṣẹ́. Ọ̀pá onísúkúrù tí a ti òkè fà le ni ó ń di irinṣẹ́ mú nínú ẹ̀rọ afárin. Síbẹ̀, bíìtì nìkan ni kí a fi sínú chuck. Abẹ ìfárin ní ohun ìdìmú tirẹ̀.

Kí a fi fáìsì di irin mú ṣinṣin, kí a sì gbé e ka orí irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ó dọ́gba, kí bíìtì lè já sí òfìfo dípò kí ó lu tábìlì. Lẹ́yìn iṣẹ́, búrọ́ọ̀ṣì ni kí a fi gbá ẹ̀fọ́ irin kúrò lára súkúrù àti ojú ìyọ̀, kí a tó fi epo díẹ̀ pa wọ́n.