Iná Ẹ̀yìn Tírélà: Ojú Ìsopọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó lálẹ́ yóò mọ ẹ̀rù tó wà níbẹ̀. Láti Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti ọdún 1960, títí dé Ifọ̀, tírélà ni ó ń tẹ̀ lé tírélà, òkùnkùn kì í sì í jẹ́ kí a mọ ibi tí ọkọ̀ kan parí sí. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí àbúrò mi, tó ń wa tírélà, ra iná LED gbọọrọ láti fi yí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ká. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bá a so ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó kú kí oṣù kan tó pé.

Mo tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ bàbá oní-rìwáyà kan ní Láfẹ́nwá. Bàbá kò wo iná náà rárá. Wọ́n tú téèpù dúdú tó wà lára wáyà, bàbà inú rẹ̀ sì ti di àwọ̀ ewé.

“Dẹ́rẹ́bà, iná rẹ kò kú o. Ojú ìsopọ̀ ni ó jẹrà.”

Wáyà tí a kàn lọ́ pọ̀ a máa tú díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń jó nínú kòtò. Gọ́ọ̀mù téèpù a yọ́ nínú oòrùn, omi a sì wọlé. Bàbá gé wáyà títí wọ́n fi kan bàbà tó ń dán. Wọ́n ti orí méjèèjì bọ inú ọ̀pá bàbà oníhò kékeré, wọ́n fi píláyà tẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n wá fa róbà tó ní gọ́ọ̀mù nínú bò ó. Nígbà tí ooru kàn án, róbà náà fún mọ́ wáyà, gọ́ọ̀mù sì yọ ní ẹnu méjèèjì. Wọn kì í fi òjé jó o, nítorí òjé a máa mú wáyà gan, ibi tí òjé parí sí ni yóò sì kán. Wọ́n so wáyà mọ́ irin ọkọ̀ ní ìhà méjèèjì, kí ojú ìsopọ̀ má baà ru ẹrù kankan.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ni ó bí bàbá nínú jù. Bátìrì 12 fóòtì méjì ni tírélà so pọ̀ di 24. Ẹni tó ṣe é tẹ́lẹ̀ fa iná 12 láti ara ọ̀kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń rọ, èkejì ń gba àgbàjù, àwọn méjèèjì ni yóò sì tètè bàjẹ́. Iná 24 ni wọ́n ní kí àbúrò mi rà. Bí mítà kan bá ń jẹ wọ́ọ̀tì 14.4, mítà 5 yóò jẹ 72. Ẹ fi 24 pín in, ó di áḿpíà 3. Fíúùsì áḿpíà 5 ti tó, ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an ni ó sì gbọ́dọ̀ wà. Bí wáyà tí kò ní fíúùsì bá bó, tó fara kan irin, iná lè sọ. Inú ọkọ̀ yẹn náà ni àbúrò mi ń sùn lóru.

Iná pupa nìkan ni wọ́n fi sẹ́yìn. Funfun lẹ́yìn ọkọ̀ a máa tan ẹni tó ń bọ̀ jẹ, bí ẹni pé ọkọ̀ náà ń kọjú sí i. Ti aláwọ̀ búlúù tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, fáàrí lásán ni lójú tèmi.

Àbúrò mi fẹ́ yọ téèpù tó ń tàn yanran lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Bàbá kọ̀: bí bátìrì bá kú lójú ọ̀nà, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ṣì fi iná ọkọ̀ tirẹ̀ rí i.