Òfin Ogun Àtijọ́ Lórí Òkun Òde Òní

Láti ìgbà tí ọmọ aráyé ti ń kó ọmọ ogun jọ ni àwọn akọni ti fi ìlànà lélẹ̀ fún ogun: kí ọ̀gágun mọ ohun tí ó ń wá, kí ó má jẹ́ kí agbára rẹ̀ fọ́n ká, kí ó ká ọ̀tá mọ́ ibi tí kò fọkàn sí, kí ó sì máa ṣọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Nísinsìnyí tí ọkọ̀ ogun kan lè ba òmíràn tí ojú rẹ̀ kò tó, àwọn kan ń wí pé ìlànà wọ̀nyí ti di àkísà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ogun Midway, ní oṣù kẹfà ọdún 1942, níbi tí Nagumo, ọ̀gágun ojú omi Jàpáànù, ti ní iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: kí ó fọ́ erékùṣù Midway, kí ó sì pa àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà run. Ẹni tí ó lé eku méjì a pòfo. Níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ àdó olóró ọkọ̀ òfurufú wọn nítorí iṣẹ́ kejì ni Amẹ́ríkà, tí ó ti tú àṣírí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ wọn tẹ́lẹ̀, já lù wọ́n láti òkè, tí gbogbo ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Nagumo fi ń gbé ọkọ̀ òfurufú sì lọ sí ìsàlẹ̀ òkun.

Ti ìkójọpọ̀ agbára ni ó yí padà díẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà; bẹ́ẹ̀ ni Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní ogun Trafalgar ní 1805, nígbà tí ó fi ọkọ̀ 27 gé ìlà ọkọ̀ 33 ti Faransé àti Sípéènì, tí àwọn tí ó wà níwájú kò fi lè tètè yí padà ran àwọn ará wọn lọ́wọ́. Lónìí, ẹni tí ó bá to ọkọ̀ rẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀ ń tò wọ́n fún ikú ni. Mísáìlì tí ó ti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, tí ó sì dé bá ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan náà, ni a ń kó jọ.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wúwo jù lójú mi ni ti àwọn baba wa pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ní ogun Falklands, ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 1982, Conqueror, ọkọ̀ abẹ́ omi Gẹ̀ẹ́sì, rán ọkọ̀ ogun General Belgrano ti Argentina sí ìsàlẹ̀ òkun, èèyàn 323 sì kú; láti ìgbà náà ni àwọn ọkọ̀ ogun ńlá Argentina ti fà sí etíkun wọn. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ òfurufú Argentina méjì fò rẹlẹ̀ lórí omi kí rédà má baà tètè rí wọn, wọ́n ta mísáìlì Exocet lu Sheffield, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ogún èèyàn sì bá a lọ. Ọmọ abiyamọ ni gbogbo wọn, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Moskva, ọkọ̀ aṣáájú Rọ́ṣíà lórí Òkun Dúdú, rì lẹ́yìn tí mísáìlì Neptune tí a ta láti orí ilẹ̀ bá a, bẹ́ẹ̀ Ukraine tí ó ta á kò ní ọkọ̀ ogun kan tí ó tó o.