Gáàsì AC Kì í Tán, Jíjò Ló Ń Jò

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi sanwó gáàsì AC ọkọ̀ láàárín oṣù márùn-ún, ₦18,000 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́ẹ̀kẹta, inú owó tí mo tù jọ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi la ti yọ ọ́. Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí a kò ṣí fèrèsé. Oṣooṣù la máa ń gbé ìyá àgbà láti Iléṣà wá sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò sì bá ooru rẹ́. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, òòyì kọ́ wọn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọlá-Ìyá. Ẹ̀gbẹ́ títì la dúró sí, tí mo ń fi fáìlì mi fẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni oníṣẹ́ AC wa ń sọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: "Gáàsì ti tán." Yóò rọ òmíràn sí i, ọkọ̀ yóò tutù nini, bó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ooru tún dé.

Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yẹn náà ló yọ wá. Ọ̀rọ̀ àyálò lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì ni mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí, mo sì gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá kan ní Ìsọ̀kùn, Iléṣà. Bí mo ti ń kọ kọ̀mpírẹ́sọ̀ àti kọndẹ́nsà sílẹ̀ (ẹ wo bí fáwẹ̀lì ṣe wọ àárín p àti r), mo ní, "Bàbá, gáàsì tiwa náà tún ti tán." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, kẹrosíìnì ló ń tán. Ta ló ń jó gáàsì AC?"

Ojú tì mí, èmi tí mo ti ń tú ọ̀rọ̀-ìṣe palẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Ohun tí a bá ń lò dànù ló ń tán: epo, iyọ̀, owó. Inú páìpù tó dé pinpin ni gáàsì AC wà, ó kàn ń yípo ni. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí yóò fún un pọ̀ títí yóò fi gbóná. Yóò bọ́ sínú kọndẹ́nsà níwájú ràdíétọ̀, atẹ́gùn yóò gba ooru lára rẹ̀, yóò di olómi. Yóò wá gba ojú ihò tóóró kan kọjá, ìfúnpọ̀ yẹn yóò tú lójijì, yóò sì tutù. Lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló ti ń fa ooru inú ọkọ̀ mọ́ra, kó tó padà sí kọ̀mpírẹ́sọ̀. Lóòótọ́, bí ọdún bá gorí ọdún, díẹ̀díẹ̀ lè gba ojú rọ́bà jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kẹ̀?

Bàbá kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan gáàsì rárá. Wọ́n bi mí bóyá ó máa ń tutù tí ọkọ̀ bá ń sáré, tó sì ń gbóná tó bá dúró. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, fáànù iwájú ni kí á wò. Bó bá jẹ́ pé atẹ́gùn gan-an ni kò jáde dáadáa, a jẹ́ pé fílítà rẹ̀ ti dí. Wọ́n wá tan ẹ́ńjìnnì àti AC, wọ́n tẹ́tí sí kílọ́ọ̀ṣì kọ̀mpírẹ́sọ̀. Ká ní kò dún rárá ni, ó lè jẹ́ fíúsì, rílè tàbí wáyà. Tiwa ń dún kẹ́, ó ń dákẹ́, kẹ́, ó tún dákẹ́. Gáàsì kéré nìyẹn: ṣùíṣì kan ló ń dá a dúró kó má bàa bà jẹ́, torí ọ́ìlì tó ń ṣe kọ̀mpírẹ́sọ̀ jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ ń bá gáàsì rìn ni.

Ọ́ìlì yẹn náà ló tú àṣírí. Eruku ti lẹ̀ mọ́ ojú oríkèé páìpù kan lára kọndẹ́nsà. Bàbá ní kí n lọ mú ọṣẹ wá ní "ulé" (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe ẹ̀kọ́ ẹ̀ka-èdè ti mọ fáwẹ̀lì Ìjẹ̀ṣà yẹn). Wọ́n fi kànìnkànìn pa ojú ibẹ̀ pẹ̀lú ìfófòó, ó ń hó wúyẹ́wúyẹ́. Rọ́bà róbótó kan ló ti gbó, owó rẹ̀ kò tó ₦1,000.

Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n fi pọ́m̀pù fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n sì wọn R134a sí i lórí ìwọ̀n. Ti Òṣogbo kò gbé pọ́m̀pù jáde rí lójú wa. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti gbé ìyá àgbà, òtútù ni wọ́n ń ráhùn sí báyìí.

Mo padà lọ bá oníṣẹ́ wa, mo bi í ìdí tó fi ń sọ pé "tán". Ó ní, "Àbúrò, bí mo bá ní ọkọ̀ oníbàárà ń jò, ṣé kò ní sọ pé èmi ni mo lù ú?" Gbólóhùn yẹn ti wọ orí kẹrin iṣẹ́ mi.