Ilé Tí A Kì Í Sọ Pé "Má Fọwọ́ Kàn Án"

Ní ọ̀pọ̀ mùsíọ̀mù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òbí ń tẹnu mọ́ fún ọmọ láti ẹnu ọ̀nà títí wọn ó fi jáde: "Má fọwọ́ kàn án." Ṣùgbọ́n mùsíọ̀mù kan wà ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ́ nítorí kí ènìyàn lè fọwọ́ kan nǹkan. Exploratorium ni orúkọ rẹ̀. Ní 1969 ni wọ́n ṣí i. Láti 2013 ni ó sì ti wà ní etí omi, ní èbúté tí wọ́n ń pè ní Pier 15.

Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀lé bàbá, ìyá àti ọmọ wọn wọlé. Àga kan nìyí tí ó lè yí bírí. Ọmọ jókòó sí i, ó gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere dání ní ìdúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá àárín rẹ̀ mú. Ìyá rẹ̀ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà kíkankíkan. Ọmọ wá dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àfi bí àga ṣe bẹ̀rẹ̀ sí yí, tòun tọmọ! Ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ kejì, àga sì yí padà. Kò sí ẹni tí ó tì í.

Kí ló fà á? Ẹ rántí òkòtó. Òkòtó tí kò jó kò lè dúró lórí ṣóńṣó ìdí rẹ̀. Èyí tí ó bá ń jó á dúró ṣinṣin. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí ń yí: kì í fẹ́ kí á yí ojú òun padà. Bí ọmọ bá fi agbára dà á, òun náà á fi agbára ti ọwọ́ ọmọ. Bí ọmọ bá dúró lórí ilẹ̀, ilẹ̀ á di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, apá rẹ̀ nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àga yìí kò di ohunkóhun mú, nítorí náà odindi ọmọ ni yóò yí.

Bàbá tí ó bá ti ṣe gbogbo àlàyé yìí kí ọmọ tó jókòó ti bá a jẹ ẹran tí ó yẹ kí ó fi eyín ara rẹ̀ fà ya. Ó ṣòro fún àwa olùkọ́ pàápàá láti dákẹ́.

Frank Oppenheimer, ẹni tí ó dá ilé náà sílẹ̀, mọ èyí dáadáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Robert, ni olórí àwọn onímọ̀ tí ó ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì àkọ́kọ́, Frank náà sì bá wọn ṣiṣẹ́. Ní 1949, iṣẹ́ yunifásítì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì rí. Ó lọ ń sin màlúù ní Colorado. Nígbà tí ó yá, ó di olùkọ́ ilé-ìwé girama ní ìlú kékeré kan níbẹ̀. Ẹ mọ ibi tí ó ń kó àwọn ọmọ lọ láti kọ́ sáyẹ́ǹsì? Ààtàn ìlú ni! Ẹ̀rọ àlòpatì ni wọ́n ń tú wò.

Ẹni tí kò lè dé San Francisco lè yá ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Kí ọmọ di ọ̀pá àárín rẹ̀ mú ní ìhà méjèèjì, kí àgbà bá a yí i, kí ìka gbogbo jìnnà sí sípóòkù. Kí ó wá gbìyànjú láti dà á. Bí àga tí ń yí kò bá sí, kò burú. Apá ọmọ á mọ agídí náà kí ẹ tó la ẹnu.